Ṣé Ìyá A Máa Kéré sí Ọmọ?

Ètò tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe nínú kọ̀ǹpútà mi yí padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Mo dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Pobè, mo gbàdúrà bí mo ti máa ń ṣe kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo tan ẹ̀rọ, mo sì bá a lójú rẹ̀ lédè Faransé pé mísajúù ti parí. Mísajúù ni àwa níbí ń pè é, nígbà tí àwọn tó ṣe ètò bá fi tuntun rọ́pò èyí tó ti pẹ́. Mo wo apá òsì, níbi tí àwọn irinṣẹ́ mi máa ń wà. Wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó dà bí ìgbà tí obìnrin bá wọ ilé ìdáná rẹ̀ tó rí i pé àlejò kan ti tún gbogbo ìkòkò tò.

N kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn irú ìyẹn. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà ni mo ti kàwé, àwọn tí a ń pè ní Masẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì fi nǹkan sí lónìí, ibẹ̀ ni wàá bá a ní ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́kọ́ fi kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́, nígbà tí a ń múra fún kómúníọ̀n àkọ́kọ́. Ó ní kí n ya àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú aṣọ funfun wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹun láti inú iṣẹ́ yìí, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ̀wé jù mí lọ kò rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ kan tí Masẹ́ẹ̀ yẹn sọ fún mi kò kúrò létí mi: "Kámẹ́rà kò mọ irọ́ pa, àfi tí ìwọ bá kọ́ ọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn irinṣẹ́ mi káàkiri, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń bá àwọn tuntun pàdé. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wáyà iná tó kọjá lókè orí ènìyàn á pòórá. Òmíràn ń la ojú ẹni tó dijú. Òmíràn ń fọ ojú ènìyàn bí ẹni pé kànìnkànìn ni wọ́n fi ha á: èélá, àpá, irorẹ́, kò sí èyí tí yóò kù. Èyí tó wá dá mi dúró ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré wà lórí rẹ̀. Bí o bá fa ìlẹ̀kẹ̀ náà sí ọ̀tún, ẹni inú fọ́tò á máa dàgbà. Bí o bá fà á sí òsì, á máa kéré sí i.

Mo dán an wò lára fọ́tò tèmi. Mo fà á díẹ̀, mo tún fà á, títí tí ìyá mi fi yọjú láti inú ojú mi tó ń wò mí. Mo pa á kíá. Mo dìde, mo gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀, mo mu omi, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo padà wá jókòó. Láti ọjọ́ yẹn ni ara mi kò ti lélẹ̀. Bí mo bá jókòó, ó ń ṣe mí bíi kí n dìde. Bí mo bá dìde, n kò mọ ohun tí mo dìde fún.

Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi nígbà tí bàbá kan láti Igana wọlé. Ọkùnrin gíga ni, ẹni tó ti tó àádọ́rin ọdún dáadáa, epo pupa ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀ bí ti gbogbo ẹni tó fi ọ̀pẹ ṣiṣẹ́ ṣe. Ó mú ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́, tó wọ aṣọ kakí ilé ìwé, tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti bọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá onífọ́tò."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó. Ta ni ká yà? Ẹ̀yin ni, àbí ọmọ?"

"Ìyá mi ni."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó tún ń bọ̀. "Ṣé wọ́n wà níta ni?"

"Àwọn nìyí," ni ó wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na ọmọ náà sí mi, bí ẹni ń fi àlejò ńlá hàn.

Ó wá rọra ṣàlàyé. Wọ́n bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí, wọ́n gbé e jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àbúrò ìyá Bàbá tó ń gbé ní Takon rí ojú ọmọ náà, ó sì figbe ta pé ẹ̀gbọ́n òun ló padà dé. Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni gbogbo agboolé ti ń pè é ní Ìyá.

"Bàbá, mo fẹ́ bisikíìtì," ni ọmọ náà wí.

"Ìyá mi, ẹ ní sùúrù díẹ̀."

"Mo ti ní i ná."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ kì í bá a wí ni?"

"Ta ló ń bá ìyá rẹ̀ wí? Ìyá tó bí i ló máa ń nà án, tí mi ò bá sí nílé."

Ohun tó wá bá mi fún kò ṣòro láti sọ. Ó ti kọ́ ilé tuntun, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣí i. Ní abúlé wọn, fọ́tò ìyá onílé ló máa ń wà lára ògiri pálọ̀, ní ìdojúkọ ẹnu ọ̀nà. Ìyá tirẹ̀ kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀rọ mi ń sọ ènìyàn di àgbà. Kí n ya ọmọ yìí, kí n sọ ọ́ di àgbà, ìyá rẹ̀ nìyẹn.

"Mo ti wọ ilé gbogbo ẹni tó wà lábúlé wa," ni ó wí. "Bí o bá ti ń wọlé báyìí, ìyá onílé á máa wò ọ́ láti ara ògiri. Èmi, ògiri ló ń wò mí."

"Ẹ kò rántí ojú wọn rárá?"

"Mo rántí òórùn ọṣẹ dúdú lára aṣọ rẹ̀. Mo rántí ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹ̀yìn ni mo máa ń wà. Ẹni tó wà lẹ́yìn kì í rí ojú."

Ohun tí wọ́n kọ́ mi láti kékeré ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń wá sáyé, pé ẹni tó lọ wà lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀, kò sí nínú aṣọ kakí. Mo sọ fún un pé kó má bínú, pé onígbàgbọ́ ni mí, pé n kò lè fi ojú ọmọdé ṣe ojú òkú.

Bàbá náà kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́ iṣẹ́ tí a rán an. "Ọmọ mi, mi ò ní kí o gbà á gbọ́. Fọ́tò ni mo ní kí o ṣe."

Mo gbé ọmọ náà sórí àpótí.

Ó jókòó dáadáa, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó mọ̀ pé ìyá ni òun. Mo yà á, mo gbé e sínú ẹ̀rọ, Bàbá sì fa ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ mi. Mo di ìlẹ̀kẹ̀ mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà gùn, imú rẹ̀ dúró, ó di ọ̀dọ́mọbìnrin, ó di abiyamọ. Mo dúró níbẹ̀.

"Bàbá, ṣé kì í ṣe ibí?"

"Ibo? Ẹni yìí? Ọmọ mi obìnrin dàgbà ju èyí lọ. Ṣé ìyá a máa kéré sí ọmọ?"

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mo tún fà á. Ewú yọ. Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Iṣan yọ lọ́rùn. Ó ń wí pé, "Tún sún un, tún sún un," títí ó fi ṣí fìlà rẹ̀ lójijì. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù mi, níwájú kọ̀ǹpútà.

"Ìyá mi," ni ó ń wí. "Ìyá mi o."

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó wá wo ohun tí Bàbá ń kí. "Ta nìyẹn?"

"Ìwọ ni," ni mo wí. Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wò ó títí. "Ta ló gbé ojú mi?" Ó sì figbe ẹkún ta, tí bisikíìtì kò fi lè pa á lẹ́nu mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń lọ, Bàbá ní kí n ṣe é kó tóbi bíi fèrèsé, kí n sì fi gíláàsì bò ó. Ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò ńlá kò sí lọ́wọ́ mi. Sakété ni mo máa ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, sọ́dọ̀ Alájì kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí ọjà. Mo ní ọjọ́ Sátidé ni màá gbé e wá bá a nílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mi, mo dé ibì kan, n kò mọ ibi tí mo dé mọ́, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lórí ọ̀pá yẹn ni ọwọ́ mi ń rántí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo tún sọnù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àtúnwáyé ló ń yọ mí lẹ́nu. Nígbà tí mo ro ó dáadáa, kì í ṣe òun. Ohun tí Bàbá gbà gbọ́ wà láàárín òun àti Ọlọ́run. Ohun tó ń jẹ mí ni pé Bàbá kò rántí ojú ìyá rẹ̀. Ojú àgbàlagbà èyíkéyìí tí mo bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún. Mo fẹ́ gbé ìyá kan kọ́ sára ògiri fún ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ ni, títí tí yóò fi kú. Bí ẹ̀rí èké kò bá rí bẹ́ẹ̀, n kò mọ bí ó ti ń rí.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láyé tó mọ ojú yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun sémíjàn, alùpùpù akérò, mo gbé kọ̀ǹpútà mi lé itan bí ọmọ ìkókó. A gba ọ̀nà Sakété, mo sì ní kí onísémíjàn yà sí Takon. Kò pẹ́ tí mo fi bá àbúrò ìyá Bàbá. Ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ ni, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi òkúta pa ẹkùrọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi, mo sì ṣí ẹ̀rọ níwájú rẹ̀.

Ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Ó súnmọ́ ọn. "Ta nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni, Ìyá."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ débi pé ẹkùrọ́ tú ká nílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi? Arúgbó yìí? Ẹ gbà mí o! Èyí dàgbà ju èmi gan-an lọ!"

"Ọmọ wọn ló ní kí n fà á débẹ̀."

"Ọmọ wọn! Ṣé ó mọ̀ wọ́n ni? Ẹ̀yìn ló wà nígbà tí wọ́n lọ. Oyún tó tẹ̀ lé e ló mú wọn lọ." Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi kò rí ewú lórí ara rẹ̀ rí. Aṣọ tí wọ́n fi gbé e níyàwó kò tíì ṣá."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí n ti bi Bàbá, bí ìyá rẹ̀ ti dàgbà tó nígbà tó kú, n kò bi í. Òun náà mọ̀ pé ẹ̀yìn ìyá ni òun wà nígbà náà, ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pé àádọ́rin ọdún tó ń wá ìyá rẹ̀, ọ̀nà iwájú ni yóò kọjú sí, síbi tí àwọn àgbà wà. Kò lè wá a lẹ́yìn, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín sí i.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká wá wọn padà," ni mo wí.

Mo di ìlẹ̀kẹ̀ mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sí òsì. Iná tó kù nínú bátìrì kò tó nǹkan. Ewú ń lọ. Ọrùn ń jọ̀lọ̀. Ìyá náà na ìka rẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń darí mọ́tò.

"Padà sẹ́yìn. Padà. Ó kù. Ó ti kọjá! Èyí ti di ọmọge. Rọra sún un síwájú. Rọra, kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń lé ẹ! Dúró."

Mo dúró.

"Òun ni," ni ó wí, ṣùgbọ́n ó ń mi orí. "Òun ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣófo. Ilà rẹ̀ dà?"

A kì í kọ ilà fún ọmọ ayé òde òní, ojú ọmọ tí mo yà mọ́ lóló. Ìyá náà yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí mi, ó ní ọwọ́ kan náà ló kọ àwọn méjèèjì. Ilà mẹ́ta ni, ti àárín gùn ju ìyókù lọ díẹ̀. Mo wò ó, mo yà á bí mo ti rí i, ọ̀tún àti òsì. Mo ní kí ẹ̀rọ pa á mọ́. Ilà pòórá.

Mo tún un yà. Ó tún pòórá.

"Kí ló dé? Ẹ̀rọ ẹ kò fẹ́ ilà ni?"

"Ó rò pé egbò ni, Ìyá. Ó ń wò ó sàn."

"Ta ló ṣe é?"

"Àwọn tí kò rí wa rí."

"Sọ fún wọn pé ó ti jinná tipẹ́," ni ó wí.

Irinṣẹ́ tó ń fọ ojú yẹn ni, wọ́n ti ṣe é kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa á, lábẹ́ àwọn orúkọ tuntun tí n kò tíì mọ̀. Pupa ti ń tàn lára bátìrì. Mo ń gbàdúrà sínú, mo ń ṣí èyí, mo ń pa tọ̀hún, Ọlọ́run sì ṣàánú mi, mo rí i. Mo yà á nígbà kẹta. Ilà dúró.

Ìyá náà ń wò ó. Ewúrẹ́ kan wá ń ṣa ẹkùrọ́ tó tú ká, kò lé e. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ọmọ ọmọ mi ló tó báyìí. Ó ti tó. Pa á." Ó mú òkúta rẹ̀, ó gbé ẹkùrọ́ kan sílẹ̀, ó sì lu àtàǹpàkò ara rẹ̀.

"Kí ni kí n sọ fún Bàbá?" ni mo bi í nígbà tí mo dìde. "Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún tàkọ́kọ́."

"Òótọ́ ni kí o sọ. Kí wá ni àgbélébùú ń ṣe lọ́rùn ẹ?"

Nígbà tí mo dé Sakété, Alájì ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán ni, omi àlùwàlá kò tíì gbẹ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ọjọ́ pípẹ́, kì í sì í pè mí ní nǹkan mìíràn ju orúkọ àwọn olùkọ́ mi lọ.

"Masẹ́ẹ̀ o! Ẹ̀mí mímọ́ wo ló ń lé ẹ bọ̀ lónìí?"

Mo fi méjèèjì hàn án, àgbàlagbà àti ọ̀dọ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ń rìn lọ, mo ń rìn bọ̀, láàárín ẹ̀rọ rẹ̀ àti ìlẹ̀kùn.

"Jókòó," ni ó wí, "eruku tí o ń dà yìí ń wọ inú ẹ̀rọ mi."

"Alájì, ṣé irọ́ ni mo ń pa? Àní èyí tó jọ ọ́ yìí. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni mo yà."

"Èmi ni o ń bi? Àwọn aáfà wa ń bá mi jà lójoojúmọ́ pé mo ń tẹ àwòrán ènìyàn. Má gbé tìẹ lé tèmi." Ó tẹ ojú mọ́ àwọn fọ́tò náà. "Àmọ́ o, ẹni tó ta ẹran ewúrẹ́ tó ní ewúrẹ́ ni, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Sọ ohun tó jẹ́ fún un. Èwo ni ká tẹ̀?"

Mo ní kó tẹ ọ̀dọ́ náà, kó tóbi bíi fèrèsé. Ẹnu mi sì tún wí pé kó tẹ àgbàlagbà náà, kékeré, bí èyí tó lè wọ inú àpò. N kò mọ ìdí tí mo fi wí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé, mo gbé e lọ sí Igana. Ọ̀dà ṣì ń rùn nínú ilé tuntun náà. Ìṣó ti wà lára ògiri pálọ̀, lókè, ní ìdojúkọ ẹnu ọ̀nà. Bàbá ti wọ aṣọ tó dáa bí ẹni pé ọjọ́ Àìkú ti dé. Ìyá tó bí ọmọ náà, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ń gún nǹkan lẹ́yìnkùlé. Mo tú ìdì náà, Bàbá sì tẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí fìlà.

Kò ṣí i.

"Ta ni ọmọ yìí?"

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ bí mo ti yà sí Takon, mo sọ ohun tí àbúrò ìyá rẹ̀ wí, láti orí oyún dé orí aṣọ ìyàwó. Lẹ́yìnkùlé, ọmọrí odó dákẹ́.

"Mo rí ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù ẹ," ni Bàbá wí. "Mo kí i. O tún wá gbà á lọ́wọ́ mi."

"Bàbá, ẹ foríjì mí."

Mo rò pé yóò ní kí n gbé e jáde. Mo ti ń rò ó bóyá kí n yọ kékeré inú àpò mi fún un, kí n sì máa bá ẹ̀rí ọkàn mi lọ sílé. Ṣùgbọ́n ó ti gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi. Ó gbé e lọ síbi fèrèsé. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tó ní epo lábẹ́ èékánná tọ ilà mẹ́ta náà, lórí gíláàsì, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹni yìí ló pọ̀n mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó kéré. Mo máa ń bínú sí i, ṣé o mọ̀? Ọdún tí nǹkan bá le, mo máa ń bi í pé, ìwọ àgbàlagbà, báwo lo ṣe rò ó tí o fi fi ọmọ sílẹ̀ lọ? Ọmọdé ni mo ń bá wí láti ọjọ́ yìí wá. Ọmọdé ni."

Nígbà náà ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ sáré wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ amọ̀, ó sì dúró síwájú gíláàsì. Mo mú ara le, mo ń retí ẹkún. Dípò ẹkún, ojú rẹ̀ tàn.

"Èmi nìyẹn!" ni ó wí. "Tí mo bá ti dàgbà! Eyín mi ti wà! Ẹ gbé e wálẹ̀, kí n máa rí i."

"Ìyá ti sọ̀rọ̀," ni Bàbá wí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó mú òòlù, ó yọ ìṣó, ó sì gbá a mọ́ ìsàlẹ̀. Ihò àkọ́kọ́ wà lókè níbẹ̀ lára ọ̀dà tuntun.

Kí ó tó gbé e kọ́, mo ní kó dúró. Mo ti kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, mo sì kà á fún un, nítorí òun kò kàwé: pé fọ́tò ọmọ-ọmọ onílé ni, tí a fi ẹ̀rọ sọ dàgbà, tí a fi ọwọ́ ya ilà sí, gẹ́gẹ́ bí àbúrò ìyá onílé ti rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó gbọ́ ọ tán. "Ó dáa. Kọjú ìyẹn sí ògiri."

Mo gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Ó padà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó wọlé bí àlejò, ó jáde, ó tún wọlé. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Èkejì, èyí tí mo kí, dà?"

Mo yọ ọ́ nínú àpò. Ojú ń tì mí. Ó gbé arúgbó náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́.

"Ìyá mi kò dé ibí," ni ó wí. Ó yí ojú sí ọmọ náà. "Kí èyí dé ibẹ̀."

"Àmín," ni mo wí, sókè. Láti ìgbà tí bàbá yìí ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi, èyí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tí ọkàn mi kò bá jiyàn.

Ó fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní kó gbé e fún ìyá tó bí i, kó tọ́jú rẹ̀ fún un, kí ọmọ náà lè wò ó lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ bóyá ẹ̀rọ mi purọ́. Ọmọ náà wo àgbàlagbà inú fọ́tò. Ó ti mọ̀ ọ́n, kò sì tíì dárí jì í. Ó yọ ahọ́n sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí!" ni Bàbá wí. "A kì í yọ ahọ́n sí àgbà."

Ọmọ náà yanu, ó wò ó. Lẹ́yìnkùlé, ìyá tó bí i ti gbé ọmọrí odó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.